Ta Ló Ni Gbọ̀ngàn Ìlú?

Iṣẹ́ ìdánwò àti ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n kọ nǹkan síbí láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Lónìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ láìfepo bọyọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kan òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ìjọba àpapọ̀, àwọn méjèèjì tí a sábà máa ń di ẹ̀bi rù nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí bí èdè wa ṣe ń rẹ̀yìn. Àwa fúnra wa ló kàn. Ó kan ohun tí à ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ìlú ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké wa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: owó àgbẹ̀ àti owó aláta ni a fi kọ́ àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n èdè tí àgbẹ̀ àti aláta kò gbọ́ ni a fi ń ṣe ìpàdé nínú wọn. Ẹni tí a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò sì jẹ́ kí ó mọ ohun tí a fi owó náà ṣe, kí ni a ṣe fún un bí kò ṣe pé a jà á lólè? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi máa ń yà sí jù nígbà tí mo bá ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa Ìbàràpá Méje: Èrúwà, Láńlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Lẹ́yìn ìlú méje yìí, àìmọye abúlé ló wà káàkiri inú oko. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ óò rí ilé kan tó gùn ju ilé yòókù lọ, tí kò ní yàrá nínú, tí bẹ́ǹṣì kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sí iwájú rẹ̀ lókè. Họ́ọ̀lù ni àwọn tó ni ín ń pè é. Àwa tí a ń kọ ìwé ni à ń pè é ní gbọ̀ngàn ìlú.

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ilé yìí. Inú rẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá wá gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibẹ̀ ni télọ̀ àti onídìrí tó bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ń ṣe fíríìdọ̀mù. Bí òjò bá lé àwọn tó ń ṣe ìnáwó òkú kúrò ní ìta, inú họ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń kó ìkòkò ọbẹ̀ sá sí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, àwọn ọ̀dọ́ a gbé tẹlifísọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ wọlé, wọn a sì máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni àwọn obìnrin ń sá ẹ̀gúsí sí, nítorí kò sí ilẹ̀ mìíràn tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo abúlé. (Bí ẹ bá bi àwọn ará ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ fún yín pé láti ara bàrà, èyí tí à ń yọ ẹ̀gúsí nínú rẹ̀, ni orúkọ Ìbàràpá ti jáde. Ìtàn ìdí orúkọ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé bàrà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.)

Mo ti bá àwọn àgbà jókòó lórí bí wọ́n ṣe kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin ru omi àti yanrìn láti odò. Wọ́n bu owó lé ọkùnrin, wọ́n bu owó lé obìnrin, wọ́n sì bu ti àwọn ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀. Ẹni tí kò san tirẹ̀, wọ́n lọ gbẹ́sẹ̀ lé ewúrẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé àgbẹ̀ ló ni gbọ̀ngàn, n kò sọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Ewúrẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí gbọ̀ngàn tó dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀ tàbí abẹ́ igi odán ni ìlú ń pé sí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń ṣàfẹ́rí ayé àtijọ́ bí ẹni pé oyin ni. Ayé àtijọ́ ní ìrẹ́jẹ tirẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀, ìdí ògiri ni obìnrin sábà máa ń dúró sí. Àlejò tó wá dáko kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọdé kò gbọdọ̀ dá sí i àfi bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Gbọ̀ngàn tún èyí ṣe díẹ̀. Ilé ẹnikẹ́ni kọ́ ni, ilé gbogbo ìlú ni, orí bẹ́ǹṣì ni a sì ń jókòó sí, bẹ́ǹṣì kò sì mọ olóyè yàtọ̀ sí aláìlóyè. Obìnrin tó san owó lè dìde níbẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀. Èrè ńlá ni èyí, mo sì kà á kún ọ̀kan nínú àwọn ohun rere tí ọ̀rúndún tó kọjá mú wá sí ìgbèríko wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀ ní. Kò sí ẹni tó kúrò níbẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n sọ, bí wọn kò tilẹ̀ gba àbá tirẹ̀. A ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún obìnrin àti àlejò, a wá fi èdè ti ilẹ̀kùn náà padà mọ́ wọn lójú.

Ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbà mí lálejò níbẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn họ́ọ̀lù. Ìwé náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ohun ọ̀gbìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, àti pé ẹni tó bá rú òfin yìí yóò san owó ìtanràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà, wọ́n lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí i, ó sì dára lójú. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹ̀gúsí síbẹ̀ rí ìwé náà lójoojúmọ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé àwọn rò pé ìwé olóṣèlú tó ń wá ìbò ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n kó igbá ẹ̀gúsí mẹ́ta lọ sí ilé baálẹ̀, kí àwọn obìnrin náà sì tó rí owó ìtanràn san, ọjà ti ná tán. Bóyá òfin náà dára, bóyá kò dára, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ènìyàn yóò gbà kọjá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tí òfin náà mú ni wọn kò sọ ọ́ fún.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olórí yóò jókòó síbẹ̀ gan-an, tí a óò máa fá orí rẹ̀, tí kò sì ní mọ̀ pé orí òun ni.

Kí á tó máa bú àwọn alága àti akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí á mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra epo ọkọ̀ láti wá sílé ní ọjọ́ Sátidé. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń ṣe ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi láti ṣe, èyí ni pé mo ń kọ ìgbà tí wọ́n bá ti inú èdè kan bọ́ sínú èkejì sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Yorùbá ni wọ́n ń fi gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń fi kí àwọn àgbà, òun ni wọ́n ń fi dápàárá, òun náà ni wọ́n ń fi parí ìjà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìlú dáwó, Yorùbá tó dùn mọ́ni létí ni alága yóò sọ, pẹ̀lú òwe àti oríkì. Àfi bí akápò bá dìde láti sọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, ni Gẹ̀ẹ́sì bá dé. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá kan òfin ẹgbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni a fi ń tọrọ owó, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣírò rẹ̀.

Ẹ ronú lé gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Nínú kíláàsì, a máa ń pe irú nǹkan báyìí ní pípín iṣẹ́ láàárín èdè méjì, a óò sì ya àtẹ kan sójú pátákó, ó tán. Nínú gbọ̀ngàn ìlú, kì í ṣe àtẹ. Owó ẹlòmíràn ni.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni ibi tí ọ̀ràn náà ti burú jù lọ. Ní ìpàdé kan tí mo jókòó sí gẹ́gẹ́ bí àlejò, ìdílé kan sọ pé àwọn yọ̀ǹda ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà kí ìlú fi kọ́ ilé ìwòsàn kékeré. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ìdílé náà lò ni “yá”. Ó ní àwọn yá ìlú ní ilẹ̀ náà, níwọ̀n ìgbà tí ilé ìwòsàn bá ṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́, a sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìpàdé mìíràn pé, tí akọ̀wé ń ka àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi dípò “yá” jẹ́ èyí tó túmọ̀ sí pé ìdílé náà ti fi ilẹ̀ wọn ta ìlú lọ́rẹ títí láé. Alága béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àgbà ìdílé náà gan-an mi orí. Mo lọ bá akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé. Ọmọlúàbí ni, ó ṣe àtúnṣe lójú ẹsẹ̀, kò sì ní ète burúkú kankan nínú. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ yóò gbé lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú, kò sì sí adájọ́ tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ tí bàbá kan lò lórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ Sátidé kan.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe la ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́. A lè ta ilẹ̀; a lè fi í dógò; a lè yá ènìyàn kí ó máa dáko lórí rẹ̀; a lè fún àlejò kí ó máa san ìṣákọ́lẹ̀; a lè fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àdéhùn tirẹ̀, àgbẹ̀ tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ju ọ̀pọ̀ lọ́yà lọ. Gbogbo ìmọ̀ yìí ló ń dànù ní ọ̀nà láti ẹnu bàbá dé orí ìwé akọ̀wé. Òfin wà ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, tí a ṣe láti dáàbò bo aláìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tó sọ pé ẹni tó bá bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un kí ó tó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tó tẹ̀ka. Òfin mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò mọ̀.

Ní báyìí, mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lójúkojú.

Èkíní ni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe ìpàdé òde òní. Kí á má purọ́! Ètò ìpàdé. Àkọsílẹ̀ ìpàdé. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹyọ láti inú àkọsílẹ̀. Alága, akọ̀wé, akápò, olùyẹ̀wé-owó-wò. Mo dábàá. Mo kín àbá náà lẹ́yìn. Mo tako ó. Owó tó wọlé, owó tó jáde, owó tó kù nílẹ̀, gbèsè tí a jẹ. Èwo ló ṣòro nínú wọn? Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin onísọ́ọ̀ṣì àti àwọn ẹgbẹ́ alásàlátù ń lò wọ́n láìsí ìrànwọ́ ọ̀mọ̀wé kankan. Bí ẹ bá sì fẹ́ ti ọ̀mọ̀wé, ó wà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Ní 1991, àjọ ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tẹ ìwé àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọ̀pọ̀ ọdún lo Yorùbá ní ọjọ́ ìjókòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, òrùlé ilé náà kò sì wó. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 gan-an, ní abala 55, fi àyè sílẹ̀ fún Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ní ilé aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò tó yẹ bá ti wà. Abala 97 sì fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní àyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní èdè Yorùbá. Èdè tó ń gbé ìròyìn òwò àti ogun ní 1859, ṣé òun ni kò lè sọ pé a ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá?

Èkejì ni pé ìjọba ìbílẹ̀ kò ní gba ìwé tí a kọ ní Yorùbá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ta ló dá wọn dúró? Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í ṣe lẹ́tà sí ìjọba. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìlú sí ara rẹ̀ ni. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ ní èdè tí kò gbọ́, ẹ jẹ́ kí á wá oníṣègùn fún un.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dára jù nínú àwíjàre wọn, mo sì fẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní abúlé òde òní kì í ṣe ti Yorùbá nìkan mọ́. Ègùn wà níbẹ̀, Àgàtú wà níbẹ̀, Tífì wà níbẹ̀, Fúlàní náà wà níbẹ̀, kí sì ni a óò fi bá wọn sọ̀rọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngán ní 2021, kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé ìpàdé tí onílé àti àlejò ti ń gbọ́ ara wọn yé jẹ́ ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà. Èdè wo ni Ègùn fi ń ra ẹja? Èdè wo ni obìnrin Fúlàní fi ń kiri wàrà? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò wọ̀nyí ló gbọ́ Yorùbá oko dáadáa, àwọn mìíràn sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí a bí sínú rẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí akọ̀wé ń kà, wọn kò gbọ́ ọ ju àgbẹ̀ lọ. Orúkọ àlejò ni wọ́n ń lò, kì í ṣe àǹfààní àlejò ni wọ́n ń wá.

Àwọn kan tún ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè. Ní Ìbàràpá, ìṣòro náà kéré, nítorí pé ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò jìnnà sí ti Ọ̀yọ́. Ní Ìlàjẹ tàbí Ìjẹ̀bú, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n sọ ti ilé wọn lẹ́nu, kí wọ́n sì kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sílẹ̀ bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí wọ́n bá sì kọ ti ilé wọn náà sílẹ̀, inú mi yóò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí Ìbàràpá fi kọ́ wa, tí a sì ti gbàgbé. Ní àwọn ọdún 1980, sòbìà ń dá àwọn ará Ìdèrè lóró. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kò tó ni ènìyàn ń mu omi adágún, kòkòrò náà a sì máa bá omi wọlé. Nígbà tí ó bá tó bí ọdún kan, aràn gígùn a máa yọ jáde láti ẹsẹ̀, àgbẹ̀ a sì dùbúlẹ̀ sílé nígbà tí ó yẹ kí ó wà lóko. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun kan tí mo máa ń fi yin wọ́n: wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ohun tí “sòbìà” jẹ́ lójú tiwọn. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà wà nínú ara olúkúlùkù láti ìgbà ìbí, bí iṣan ṣe wà nínú ara. Ẹ rò ó wò. Bí ẹnì kan bá dúró ní iwájú àwọn ènìyàn yìí tó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lórí kòkòrò inú omi, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un, wọn yóò sì lọ mu omi adágún, nítorí pé omi kò kan ohun tó wà nínú ara wọn tẹ́lẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn ni a ní láti gbà wọlé. Ní 2008 ni wọ́n rí aláìsàn sòbìà tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. N kò sọ pé èdè nìkan ló lé e lọ. Kànga wà níbẹ̀, asẹ́ wà níbẹ̀, oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí ènìyàn sẹ́ omi mímu.

Ó ku Ọjọ́ Ìlú, ayẹyẹ ọdọọdún tí àwọn ọmọ ìlú ń ti ìdálẹ̀ wá ṣe. Ẹ̀ka Èkó dé, ẹ̀ka Àbújá dé, àwọn kan ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà dé, aṣọ ẹbí ń tàn. Iwájú gbọ̀ngàn kún fún kánọ́pì. Ìwé ètò ọjọ́ náà ń dán, àwòrán olóyè pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó sì ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn kí ẹ tó rí gbólóhùn Yorùbá kan, èyí tó sábà máa ń jẹ́ orin ìlú. Alága ọjọ́ náà yóò ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún odindi wákàtí kan. Wọn yóò wá sọ fún ìyá àgbà tó fẹ́ ki oríkì ìlú pé kò sí àkókò mọ́, kí ó ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń pa mí lẹ́kún, ni pé àwọn òbí tó ń gbé òkè òkun ná owó gọbọi sórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kí àwọn ọmọ wọn lè wá gbọ́ Yorùbá ní orísun rẹ̀. Wọ́n dé orísun, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá níbẹ̀, tí kò tilẹ̀ dára tó èyí tí àwọn ọmọ náà ń gbọ́ nílé.

Ní 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí á máa fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ìwé. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba yí ọwọ́ padà, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. A pariwo, ó sì yẹ kí á pariwo. Mo wà lára àwọn tó pariwo. Ṣùgbọ́n mínísítà wo ló pàṣẹ fún akápò abúlé pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó fi ka ìṣirò owó? Ìwé òfin wo ló sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á fi kọ ìkìlọ̀ lórí ẹ̀gúsí? Kò sí. A ń bá Àbújá jà lórí ilé ìwé tí kò sí ní ìkáwọ́ wa, a sì ń fi gbọ̀ngàn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò wa sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí gan-an, nítorí pé ní ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ̀yin ni ẹ óò jẹ́ akọ̀wé wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú yín ló ti jẹ́ igbá-kejì akọ̀wé ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìlú yín. Bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún Àjíǹde tàbí Iléyá, ẹ lọ jókòó nínú ìpàdé. Ẹ ní ẹ fẹ́ ran akọ̀wé lọ́wọ́. Yóò gbà, nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ náà ní Yorùbá sí ojú ewé ọ̀tún, pẹ̀lú àmì ohùn tó yẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí òsì. Iye owó ni kí ẹ fi ọmọ-ìkà kọ, ohun tí a fi owó náà rà ni kí ẹ fi Yorùbá kọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìdílé tó yá ni nílẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tí oṣù mìíràn bá pé, ẹ dìde, kí ẹ kà á sókè.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà mo lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún yín. Kò ní sí ẹni tí yóò kàn mi orí. Bàbá kan yóò ní kì í ṣe bí òun ṣe wí i nìyẹn. Ìyá kan yóò béèrè ibi tí owó sìmẹ́ńtì tó kù wọlé sí. Akápò yóò bínú, alága yóò lu agogo títí, ìpàdé tó yẹ kí ó parí ní aago mẹ́rin yóò sì di alẹ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.